Ìṣẹ́jú Àáyá 43 Ni Okùn Fi Já, Odidi Ọjọ́ Kan Ni Wọ́n Fi Tún Un Ṣe

Àkàrà tí alákàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná kò tíì ní pọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá 43. Ìṣẹ́jú kan gan-an kò pé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 43 yìí náà ló gbé ilé iṣẹ́ GitHub ṣánlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹwàá, 2018, tí wọn kò sì rí ara wọn gbà sílẹ̀ títí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 fi kọjá.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní GitHub? Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń jíròrò lé e lórí. Ẹni yìí á ní àṣìṣe wà níbí, tọ̀hún á ní òun ti tún un ṣe, ẹ bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí Microsoft kéde ní oṣù kẹfà ọdún náà pé òun fẹ́ ra ilé iṣẹ́ yìí ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, àwọn tó ń lò ó ti lé ní mílíọ̀nù 28. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí ọ̀rọ̀ rírà náà parí tí wàhálà yìí fi dé. Ẹ ò rí i bí ọjọ́ burúkú ṣe mọ àsìkò yàn!

Ohun tó fà á kò le rárá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ gba inú okùn gíláàsì. Ẹ̀rọ náà ti ń ṣòjòjò, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe lásán ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nígbà gbogbo. Níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà ti já láàárín oríta nẹ́tíwọ̀kì wọn àti ilé kọ̀ǹpútà wọn tó ṣe pàtàkì jù, ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Bí ènìyàn bá fi aago Nàìjíríà kà á, aago 11:52 alẹ́ ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀nà ti là padà. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó jóná. Kò sí dísìkì kan tó bàjẹ́. Olè kò wọlé, omi kò ya wọlé. Kí ló wá gba odidi ọjọ́ kan?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe to àwọn kọ̀ǹpútà náà, ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ń kọ orúkọ ènìyàn àti owó ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà.

Ètò kan wà tó ti pẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ṣì ń lò títí dòní. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun dúró á ra kọ̀ǹpútà ńlá méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, á sì so àwọn méjèèjì mọ́ àpótí dísìkì ńlá kan ṣoṣo. Inú àpótí yìí ni dátábéèsì wà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo orúkọ, gbogbo owó àti gbogbo ọjà wà nínú rẹ̀. Sáfà kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń ṣọ́ ọ. Bí èkíní bá dákú, èkejì á ki ọwọ́ bọ inú àpótí kan náà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ó dà bí ìyálé àti ìyàwó tí wọ́n jọ ń ta aṣọ nínú sọ́ọ̀bù kan, tí ìwé gbèsè wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí ìyálé bá lọ síbi òkú, ìyàwó á ṣí ìwé, á rí i pé Ìyá Ṣadé ṣì jẹ owó àǹkárá méjì. Kò sí àríyànjiyàn kankan, nítorí ìwé ò ju ọ̀kan lọ.

Adùn ètò yìí nìyẹn, kì í sì í ṣe adùn kékeré. Ní 2001, Oracle gbé èyí tí wọ́n ń pè ní RAC jáde, nínú èyí tí sáfà púpọ̀ ti lè máa kọ̀wé sínú àpótí kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì máa bára wọn sọ̀rọ̀ kí ìkan má baà kọ ọ̀rọ̀ lé ti èkejì lórí.

Bí sọ́ọ̀bù bá wá jóná ńkọ́? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀. Tí àpótí yẹn bá kú, sáfà méjì ni o, sáfà mẹ́wàá ni o, asán ni gbogbo ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe àpótí náà ti fi iná méjì sí i, wọ́n fi fáànù méjì sí i, wọ́n tún fi dísìkì àfikún sí i, ṣùgbọ́n èyí náà ló jẹ́ kí owó rẹ̀ ga débi pé ilé iṣẹ́ kékeré kò lè dá a lábàá. Yàtọ̀ síyẹn, àpótí kan kò lè wà ní ìlú méjì. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí háyà kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Amazon dípò kí wọ́n ra tiwọn, wọ́n bá a níbẹ̀ pé dísìkì tí wọ́n háyà kò ṣeé so mọ́ ju kọ̀ǹpútà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di 2020 kí Amazon tó fàyè gba irú rẹ̀, ìyẹn náà sì ní ààlà.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n má jọ lo nǹkankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Berkeley ní California, Michael Stonebraker, kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan ní 1986 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí àwọn kọ̀ǹpútà jọ máa lo iyè kan náà, kí wọ́n jọ máa lo dísìkì kan náà, tàbí kí kálukú wọn dá ní tirẹ̀. Ó ní èyí tó kẹ́yìn ló dára jù bí iṣẹ́ bá fẹ́ gbòòrò. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ o. Tandem àti Teradata ti ń ta irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kó tó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n òun ló ṣàlàyé rẹ̀ tó fi yé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nínú ètò yìí, sáfà kọ̀ọ̀kan ní dísìkì tirẹ̀, ó sì ní odidi ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀kan jẹ ọ̀gá, àwọn yòókù á jẹ́ ọmọọṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan tuntun, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń lọ. Ọ̀gá á kọ ọ́, á sì tún to ohun tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé kan lọ́tọ̀: mo fi èyí kún un, mo yọ tọ̀hún, mo yí ìyẹn padà. Àwọn ọmọọṣẹ́ á máa ka ìwé yìí, wọ́n á sì máa ṣe ohun tí ọ̀gá ṣe gẹ́lẹ́, ní títẹ̀léra. Bí MySQL tí GitHub ń lò ṣe ń ṣe é nìyẹn. PostgreSQL náà bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ ní 2010. Àwọn kan tún wà ní ìlú Vienna, ní Austria, tí wọ́n ṣe DRBD. Èyí kò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ, dísìkì gan-an ló ń dà kọ, bí ọ̀gá bá ti tẹ àmì sójú dísìkì tirẹ̀, irú àmì kan náà á tẹ̀ sójú ti ọmọọṣẹ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lásán méjì tàbí mẹ́ta lè ṣe é láìra àpótí olówó gọbọi.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àbí? Kò parí o. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Oníbàárà kan mú ọ̀rọ̀ wá, ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣé kí ó dá oníbàárà lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó ti wọlé, àbí kí ó kọ́kọ́ dúró kí ọmọọṣẹ́ ní òun náà ti kọ tòun? Tí kò bá dúró, iṣẹ́ á yá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ṣubú lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀lé e, ohun tó ní ó ti wọlé yẹn kò sí níbòmíràn láyé. Oníbàárà ti lọ sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sọnù. Tí ọ̀gá bá dúró, ọ̀rọ̀ oníbàárà kò ní sọnù, àmọ́ gbogbo ènìyàn tó wà lórí ìlà á dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ọmọọṣẹ́ bá wà nínú yàrá kan náà, ìdúró yìí kò tó nǹkan. Ó di wàhálà nígbà tí ọ̀nà bá jìn. Láti etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà dé ti ìwọ̀-oòrùn, àlọ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú okùn tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ò lè ṣẹ́ tán kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n bí ojú ewé kan ṣoṣo bá nílò láti bi dátábéèsì ní ìbéèrè 50, tí ìkan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3 ti lọ nìyẹn kí ojú ewé náà tó ṣí. Ẹni tó ń dúró á ti máa gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sì sí oògùn rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè sáré ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Nítorí náà, ọ̀gá tó wà ní ìlà-oòrùn ní GitHub kì í dúró de àwọn ọmọọṣẹ́ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á sì máa bá a bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ìṣòro kejì ló le jù. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ká ní sáfà méjì péré ló wà, tí okùn tó so wọ́n pọ̀ sì já. Èkíní á ní èkejì ti kú. Èkejì náà á ní èkíní ti kú. Kò sí èyí tó kú nínú wọn, ọ̀nà ni kò sí. Ọmọọṣẹ́ á dé adé, ọ̀gá náà kò ní ṣí tirẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tí ọ̀nà bá là padà, ìwé méjì ló máa wà nílẹ̀, tí ohun tó wà nínú ìkan kò sí nínú èkejì. Bí ti sọ́ọ̀bù aṣọ ló bá rí báyẹn, ìyálé á ní Ìyá Ṣadé ti san owó, ìyàwó á ní kò tíì san, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ní ti okùn tó ń já, kò ṣàjèjì sí ará Èkó. Ní 14 Oṣù Kẹta, 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ṣé ó pẹ́ kí àwọn oníbàárà báńkì ní Nàìjíríà tó mọ̀?

Àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà Linux ní oògùn kan fún ọba méjì tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bani: STONITH. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o yìnbọn lu èkejì lórí. Kì í ṣe ìbọn gidi o! Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹni tó fẹ́ gorí oyè kọ́kọ́ pa iná mànàmáná tó ń lọ sọ́dọ̀ èkejì, kí ó lè dá a lójú pé tọ̀hún kò ní jí dìde láàárín ọjà. Oògùn náà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá wà ní ìlú míràn, tí ọ̀nà sì ti já, ta ló máa dé ibi iná rẹ̀?

Oògùn míràn ni ìbò. Ìyẹn ni pé kí àwọn tó ń dìbò má jẹ́ méjì, kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, tàbí márùn-ún, tàbí méje. Ọ̀yọ́ Mèsì tó ń yan Aláàfin, ṣebí méje náà ni wọ́n. Bí odò bá kún tó pín àwọn méje yìí sí ọ̀nà méjì, mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, àwọn mẹ́rin lè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ju ìdajì lọ. Àwọn mẹ́ta náà mọ̀ pé àwọn kò tó, wọ́n á sì dákẹ́ títí odò á fi fà. Kò sí bí ìhà méjèèjì ṣe lè ju ìdajì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà méjì kò lè ṣe irú èyí, nítorí ìkan nínú méjì kì í ju ìdajì lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń wá ẹlẹ́rìí kẹta, kódà bí ẹlẹ́rìí náà bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́, tó jẹ́ pé ìbò nìkan ló wá dì.

Leslie Lamport ló kọ òfin ìbò yìí sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1998, tó sì fi ìtàn àwọn aṣòfin erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìkì gbé e kalẹ̀, àwọn aṣòfin tí kò sí níbì kankan. Ìtàn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, wọn ò rí òfin. Nígbà tó di 2014, Diego Ongaro àti John Ousterhout ní Yunifásítì Stanford gbé èyí tí wọ́n pè ní Raft jáde, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé kí ó lè tètè yé ènìyàn làwọn ṣe ṣe é. GitHub ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Orchestrator, tó ń lo Raft, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ àwọn ọ̀gá MySQL. Bí ọ̀gá kan bá ṣubú, Orchestrator á fi òmíràn jẹ. Kò sí níbì kan ṣoṣo. Ó wà ní ìlà-oòrùn, ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì tún wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Okùn já. Orchestrator tó wà ní ìwọ̀-oòrùn àti èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà àháyà rí ara wọn, wọn kò rí ti ilé ńlá. Wọ́n kà á, wọ́n ju ìdajì lọ. Wọ́n dìbò, wọ́n sì fi àwọn sáfà ìwọ̀-oòrùn jẹ ọ̀gá. Òfin ni wọ́n tẹ̀ lé, wọn kò ṣe àṣìṣe kankan. Nígbà tí okùn padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 43, gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tuntun ní ìwọ̀-oòrùn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá àtijọ́ ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò tíì dé ìwọ̀-oòrùn rárá. Wọn kò dúró, ẹ rántí. Ohun tó wà ní ìlà-oòrùn kò sí ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ìwọ̀-oòrùn sì fi máa kọ̀wé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ohun tó wà níbẹ̀ náà kò sí ní ìlà-oòrùn. Wọn kò lè ní kí ọ̀gá àtijọ́ padà sórí oyè, torí á sọ ìṣẹ́jú 40 nù. Wọn kò sì lè fi í ṣe ọmọọṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìwé rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọ̀gá.

Wọn ò tún lè fi oyè sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn kí wọ́n máa jẹun lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá oníbàárà lóhùn wà ní ìlà-oòrùn. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá fẹ́ kọ gbọ́dọ̀ la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já lọ, kó tún là á já bọ̀. Wọn kò kọ́ wọn láti fara da irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ìdìbò mọ bí wọ́n ṣe ń yan ọba, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ìlú kò lè gbé pẹ̀lú ọba tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ká ní àpótí dísìkì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò nínú ilé ìlà-oòrùn, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ẹ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú kan: iṣẹ́ á dúró, okùn á padà, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ètò àtijọ́ kò ní ṣàìsọ ọ́. Wọ́n gba ibẹ̀ jàre, títí di ọjọ́ tí ilé náà fúnra rẹ̀ bá jóná.

Nígbà tó máa di aago 12:02 òru, àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i pé dátábéèsì wà ní ipò tí ẹnikẹ́ni kò retí. Aago 12:19, wọ́n dá àwọn iṣẹ́ kan dúró fúnra wọn kí ìwé má baà tún dàrú sí i. Ìpinnu tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé ó sàn kí àwọn oníbàárà máa bínú ju kí ọ̀rọ̀ wọn sọnù lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìpinnu tó ṣòro ni, ó sì yẹ kí wọ́n yìn wọ́n fún un, nítorí ojú gbogbo ayé ló ń wò wọ́n. Aago 1:41 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀dà ìpamọ́ jáde. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dà yìí, ọ̀nà jíjìn sì ni wọ́n kó o pamọ́ sí. Ẹrù náà pọ̀ gan-an. Wákàtí púpọ̀ ló gbà láti kó o délé, kí wọ́n tú u, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú sáfà.

Ẹ̀dà ìpamọ́ yìí yàtọ̀ sí ọmọọṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣì í mú. Ilé iṣẹ́ GitLab, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti GitHub, ti rí èyí ní 31 Oṣù Kìíní, 2017. Ọ̀gá kan àti ọmọọṣẹ́ kan ni wọ́n ní. Ọmọọṣẹ́ ti ṣẹ́yìn jìnnà débi pé wọ́n ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ di òru fẹ́ nu dísìkì ọmọọṣẹ́ nù, ojú ọ̀gá ló sì pàṣẹ sí. Kó tó dá ọwọ́ dúró, nínú nǹkan bíi gígábáìtì 300, gígábáìtì 4.5 ló kù. Wọ́n sáré lọ síbi tí ẹ̀dà ìpamọ́ yẹ kó wà, òfìfo ni wọ́n bá. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà kò bá dátábéèsì mu mọ́, kò sì rí nǹkankan ṣe. Lẹ́tà tó ń kìlọ̀ fún wọn náà kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kó wọn yọ ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ yìí kan náà ti ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú fún iṣẹ́ míràn, àkọsẹ̀bá lásán. Wákàtí mẹ́fà yẹn lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí iṣẹ́ 5,000, ọ̀rọ̀ ìjíròrò 5,000 àti orúkọ oníbàárà tuntun 700. Ní ti GitHub, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dán ẹ̀dà tiwọn wò. Òun ni wọn kò fi ní irú ìtìjú yẹn.

Aago 12:12 ọ̀sán ọjọ́ Ajé, àwọn ọ̀gá padà sí ìlà-oòrùn. Ẹ má rò pé ó tán. Àwọn ọmọọṣẹ́ ti ṣẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń sáré bá ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti jí, tí wọ́n ń da iṣẹ́ tuntun lé ọ̀gá lórí. Ó dà bí ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tí dírẹ́bà ń tẹná mọ́. Oníbàárà kan á ṣí ojú ewé kan, á rí ọ̀rọ̀ tó kọ. Á tún un ṣí, ọ̀rọ̀ á ti pòórá, torí ọmọọṣẹ́ míràn tó ṣì wà lẹ́yìn ló dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Aago 5:24 ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wọn tó dọ́gba. Iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún sì ti kóra jọ tó ń dúró, yàtọ̀ sí ojú ewé 80,000 tí wọ́n fẹ́ gbé jáde. Aago 12:03 òru ni wọ́n tó parí gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni GitHub kéde pé àwọn máa yí òfin Orchestrator padà, kí ó má ṣe gbé oyè ti etíkun kan lọ sí èkejì mọ́. Bí ilé ìlà-oòrùn bá kú pátápátá, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló máa pinnu.

Ó wá ku àwọn ìwé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, èyí tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ kọ tí kò dé ìwọ̀-oòrùn. Wọn kò dà á nù. Wọ́n kó o pamọ́, wọ́n sì kà á: nínú ọ̀wọ́ sáfà tí ọwọ́ rẹ̀ dí jù, 954 ni. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó tì í, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n lè mọ èyí tí ẹ̀rọ lè dá padà sáyè rẹ̀ àti èyí tí wọ́n máa ní láti kọ̀wé sí oníbàárà lé lórí. Wọ́n bá àwọn kan níbẹ̀ tí kò nílò àtúnṣe kankan: oníbàárà ti rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò wọlé, ó sì ti tún un kọ fúnra rẹ̀.